Irọ́ ni pé "ẹran lásán ni, Ọlọ́run ò rí tiẹ̀ rò"

Ẹ sọ fún ẹni tó so ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ọ̀kadà ní Oyíǹgbò pé kó rọra, ẹ máa gbọ́ èsì: "Ẹran lásán ni jàre, ṣebí Ọlọ́run ló ní ká máa jọba lórí wọn." Èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa Kátólíìkì gan-an ń sọ ọ́, a máa jáde ní Máàsì n'Ísàlẹ̀ Èkó, rósárì ṣì wà lọ́wọ́, a ó ta ajá tó sùn jẹ́jẹ́ ẹ̀ nípàá, a ó ní kò kan Ọlọ́run.

Ó kàn án o. Jọba yẹn wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ ṣí orí kejì ẹsẹ 15, iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé fún Ádámù ni kó máa ro ọgbà kó sì máa tọ́jú ẹ̀. Lọ́dún 2015 Póòpù Francis kọ lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Laudato Si', ó sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé ti pé Ọlọ́run dá wa ní àwòrán ara ẹ̀ ò ní ká máa jẹ gàba lé ẹ̀dá yòókù lórí bó ṣe wù wá.

Kì í sì ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Katikísìmù, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Kátólíìkì tó ti jáde láti 1992, nọ́ńbà 2416 nínú ẹ̀ ní ẹ̀dá Ọlọ́run ni ẹranko, òun ló ń bójú tó wọn, wíwà tí wọ́n kàn wà láyé ti ń fògo fún un, àwa èèyàn sì jẹ wọ́n ní inú rere. 2418 ní tá a bá ń fìyà jẹ ẹran tàbí tá à ń pa á láìnídìí, kò bá iyì ọmọ èèyàn mu.

Ẹ má wá ní mo ní kí ẹ má jẹran o, 2417 gbà ká jẹ ẹ́ ká sì fi awọ ẹ̀ ṣe aṣọ, kódà 2418 yẹn náà ló ní kò dáa ká máa náwó yàlàyòlò sórí ẹran nígbà tí èèyàn bíi tiwa wà nínú ìṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe bọ́ọ̀dé fún ajá n'Íkòyí, ẹ gbọ́ o. Ìyà tí ò pọndandan la ń sọ. Adìyẹ tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò láti Mushin délé, ọbẹ̀ ẹ̀ ò dùn ju ti èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ. Ìjà àgbò tá a máa ń pé jọ wò, tí wọ́n ń forí sọra wọn tá a ń pariwo, èmi ò rí ìdí kankan nínú ẹ̀ ju fàájì lọ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó máa bínú sí mi níbí, ẹ máa bínú lọ.

Ẹni tó bá ní Májẹ̀mú Láéláé ò mọ ti ẹran, kó ka Ẹ́kísódù 23:12, kí màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè sinmi wà lára ìdí tí wọ́n fi ní ká sinmi lọ́jọ́ keje. Kó tún ka ìparí ìwé Jónà, Ọlọ́run ń ṣàlàyé ìdí tóun fi dá Ninefe sí, ó ka àwọn èèyàn tó lé ní 120,000, ó wá fi ẹran ọ̀sìn púpọ̀ kún un, ibẹ̀ sì ni ìwé yẹn parí sí. Àwa kan náà tá à ń sọ pé màlúù tí ò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin!

Àmọ́ èyí tí wọ́n ń pín kiri pé Póòpù Francis sọ lọ́dún 2014 pé ajá máa wọ ọ̀run, irọ́ nìyẹn náà, kò sọ ọ́, ẹ yéé fi ránṣẹ́ sí mi.