Ẹ má sọ fún ẹlẹ́ja pé kó pa fírísà lálẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni kan sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún àwa ọlọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí. Ó ní ìfiṣòfò ló jẹ́ kí owó iná máa gbé èrè wa lọ. Ó ní kí a máa pa gílóòbù, kí a sì máa pa fírísà tí a bá ti ń ti ṣọ́ọ̀bù, kí a tún tàn án láàárọ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Àlárán, kòtè, ṣáwà àti pánlá ni mò ń tà. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 tó bá tàn fún wákàtí 10 kò jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì lọ. Ní Báńdì A tí wọ́n kó wa sí, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tó yẹ kí iná wọn pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń san owó tó ga jù, tí yúníìtì kan jẹ́ nǹkan bíi ₦209, ₦21 péré nìyẹn lójúmọ́. Fírísà kan tó ń fa wáàtì 150, tí mọ́tò rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12, ti sún mọ́ ₦380. Mélòó ni fírísà ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja? Gílóòbù wá ni ìṣòro wa?

Àwa tí à ń lo fírísà mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ. Tí ọjà bá fà sẹ́yìn, à ń fi ike omi dí àyè tó ṣófo, nítorí fírísà tó kún, tí a kò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì kò lè ju ọjọ́ kan lọ. Ti ìgbà tí iná bá lọ nìyẹn o, kì í ṣe pé kéèyàn máa pa á lálaalẹ́: òtútù tó bá lọ lóru, mọ́tò á tún fi iná dá a padà láàárọ̀. À ń ha yìnyín ara rẹ̀ kúrò kó tó nípọn. À ń ki owó náírà bọ ẹnu ìdérí, a ó pa á dé, a ó wá fà á: tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ti kú, òtútù ń jò nìyẹn. Kò sí ìkankan nínú èyí lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni yẹn.

Ibi tí owó wa ń gbà lọ gan-an kò sí lọ́wọ́ wa. April 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fọwọ́ sí i kí owó yúníìtì kan ní Báńdì A kúrò ní ₦68 bọ́ sí ₦225, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kí iná wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Àwọn kan á ní owó yẹn ṣì dínwó ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, tí iná bá wà!

Nígbà kan, wọ́n mú iná lọ láti alẹ́ Friday. Mo pe ilé-iṣẹ́ iná, wọ́n ní wáyà iná ńlá tí wọ́n ń pè ní 33 ló ní ìṣòro, pé wọ́n ń tún un ṣe. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 lítà kan ṣáájú ìparí May 2023 ti kọjá ₦1,000 nígbà náà. Nígbà tó yá, owó epo fẹ́ ju èrè ẹja lọ, mo pa á. Nígbà tí mo ṣí fírísà, omi pupa ti sun sí ìsàlẹ̀ páálí, ojú àlárán ti wọnú, tí mo bá tẹ ara rẹ̀, ìka mi ń wọlé. Àwọn tó ń yan ẹja ni mo kó o fún, ní iye tí kò tó owó tí mo fi rà á. Ta ló san ìyókù fún mi? Òfin ní tí wákàtí 20 kò bá pé fún ọjọ́ 7 léraléra, kí wọ́n já àwọn tó wà lórí wáyà iná yẹn wálẹ̀ sí báńdì mìíràn. Àmọ́ ẹja kì í dúró de ọjọ́ keje.

Ọmọ àbúrò mi ní kí n ra sólà kí n sinmi. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò fírísà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń ju èyí tó ń lò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ìnfátà kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú èyí tí fírísà ń lò, kò lè gbé e. Èyí tó tóbi tó sì rèé, owó ńlá ló máa gbà lára owó ọjà mi. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá kí n ta fírísà kan, kí n máa ra ẹja díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ní kóòlù rúùmù, yàrá ńlá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Àwọn oníbàárà mi á sì lọ síbòmíràn tí wọn kò bá bá pánlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé fírísà ọjà lé sólà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ó ń gbé e di àárọ̀ nínú òjò July?