Kì í ṣe UFC ló dá ìjà gidi sílẹ̀ níbi ìdánrawò

Ẹ dákun, ta ló ní UFC, ìdíje tí àwọn oníjà oríṣiríṣi ti ń kojú ara wọn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, ló mú ìjà gidi wọ ibi ìdánrawò? Láti 1882 tí Jigoro Kano ti dá júdò, eré ìjà àwọn ará Japan, sílẹ̀ ni randori, ìyẹn ìdánrawò tí alátakò ti ń jà padà, ti wà níbẹ̀: ẹni tó o fẹ́ gbé ṣubú ń bá ọ fà á, òun náà fẹ́ gbé ọ ṣubú. Ohun tí Royce Gracie, oníjà ará Brazil tó borí ní UFC àkọ́kọ́, fi hàn ní 1993 ni pé ẹni tí kò mọ ìjà orí ilẹ̀, ó ti wọ gàù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká da kata nù, ìyẹn ìṣísẹ̀ ìjà tí wọ́n ti tò sílẹ̀ téèyàn ń ṣe ní àṣetúnṣe, mi ò bá yín lọ. Kata ló kọ́ mi bí ẹsẹ̀ ṣe ń dúró. Àmọ́ ìdánrawò tí alátakò ti na ọ̀bẹ rọ́bà síta, tó wá dúró bí ère títí wọ́n fi gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ìyẹn náà lẹ ń pè ní ìjà gidi?