Ta ló ń fa èéfín iná wa símú?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Rìsí tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa kan ilẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù. "Bàbá Tọ́lá, wá wo nǹkan." Mo tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ara ògiri abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ló nawọ́ sí. Ibi tí ẹnu sàìlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ mi kọjú sí ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó rí roboto bí àwo ọbẹ̀. Lókè rẹ̀ díẹ̀, kọ́tíìnì tí mo mọ̀ sí funfun ti di aláwọ̀ eérú. Kò bá mi jà rárá. Ó kàn ní, "Ohun tí à ń fà símú lálaalẹ́ nìyẹn o." Ẹnu mi wọhò. "Ẹ má bínú, mà," ni mo rí sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ iná nílùú yìí, ohun tí à ń bèèrè kò ju méjì lọ: ṣé ó wà? Èló ni wọ́n ń tà á? Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan bèèrè ẹni tó ń fa èéfín rẹ̀ símú.

Láti ọdún 1831 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Michael Faraday, ti fi han aráyé pé tí òòfà bá ń rìn wọlé-jáde nínú wáyà tí a ká, iná á sáré nínú wáyà náà, ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń dá. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa yí. Ní Káínjì, omi ló ń yí i. Ní Egbin, lọ́nà Ìkòròdú, gáàsì ni wọ́n fi ń se omi, ooru omi yẹn ló ń yí i. Nínú jẹnẹrétọ̀ mi, epo bẹntiróòlù tó ń bú gbàù nínú irin kékeré ló ń yí i. Sólà nìkan ni nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Ohun tó bá ń yí i ni wàhálà rẹ̀.

Ẹ wo Káínjì. Odò Ọya ni wọ́n sé níbẹ̀, iṣẹ́ sì parí ní 1968. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé mànàmáná la sọ iná yìí, a wá lọ ń wá a nínú odò ìyàwó Ṣàngó. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n sì gbé síwájú olú ilé iṣẹ́ iná l'Ékòó. Wọ́n mọ ẹni tó ni ín.) Iná Káínjì kò ní èéfín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó kún sẹ́yìn ìsédò náà bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ló kó kúrò nílé baba wọn, wọ́n sì tẹ Bussa Tuntun dó fún àwọn kan nínú wọn. Nísàlẹ̀ odò, omi tó máa ń kún lọ́dọọdún, tó ń gbé ilẹ̀dú wá sóko àgbẹ̀, tó sì ń kó ẹja wọ àbàtà, kò wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn yẹn san owó iná kí iná tó tàn.

Egbin ńkọ́? Mẹ́gáwáàtì (òṣùwọ̀n agbára iná) 1,320 ni wọ́n kọ́ ọ fún, gáàsì sì mọ́ ju èédú àti dísù lọ, mo gbà. Àmọ́ ní Náíjà Dẹ́ltà tí wọ́n ti ń fa epo, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń dáná sun gáàsì sójú sánmà lásán, tí àwọn ará abúlé ibẹ̀ kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Gáàsì tí à ń wá ni wọ́n ń sun dànù yẹn! Èyí máa ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Gbogbo rẹ̀ náà ẹ̀wẹ̀, iná tó ń gba orí wáyà orílẹ̀-èdè wa kì í sábà ju mẹ́gáwáàtì 5,000 lọ, àwa sì lé ní igba mílíọ̀nù. Oníkálukú wá di ilé iṣẹ́ iná. Yàrá mọ́kànlá ló wà lágbo ilé wa, jẹnẹrétọ̀ méje. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" ló pọ̀ jù, àwọn tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn, ìdí nìyẹn tí èéfín wọn fi ń ki bí ti igi tútù. Lítà epo kan tó bá jó ń di èyí tó ju kílò méjì lọ nínú gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ti Egbin ń gba òkè jáde. Tèmi ń jáde ní ìwọ̀n imú ọmọ ọdún mẹ́ta. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, tó sì ti fèrèsé, lè má jí mọ́.

Àwọn kan ní kí ìjọba fòfin de jẹnẹrétọ̀. Ẹ má dá mi lóhùn tí ẹ bá fẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Kí ni onígbàjámọ̀ máa fi fá orí? Kí ni Ìyá Rìsí fúnra rẹ̀ máa fi mú omi tó ń tà tutù?

Sólà ni mò ń bá àwọn ará ilé sọ, ká dá owó jọ rà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ọwọ́ sólà mọ́ tán. Bátìrì inverter mi, irú èyí tí sólà náà ń fi iná pamọ́ sí, kú lọ́dún tó kọjá, mo tà á fún ọmọkùnrin kan tó ń pariwo "Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì!" kiri. Kó tó gbé e sórí ọmọlanke, ó da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà iwájú ilé wa kó lè fúyẹ́. Òjé tó kù nínú rẹ̀, wọ́n á lọ yọ́ ọ níbì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹnìkan. Òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ta bátìrì gbọ́dọ̀ gba òkú rẹ̀ padà, kó jẹ́ òfin, kí wọ́n sì máa mú ẹni tó bá rú u.

Owó sólà náà kò tíì pé. Mo ti yí ẹnu sàìlẹ́ńsà kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Rìsí. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló kọjú sí báyìí. Télọ̀ kò tíì wá kanlẹ̀kùn.