Èsì wa sí oníbàárà wa ní Èbúté-Mẹ́ta lórí òkúta ìpọ́nabẹ nọ́ńbà 1000

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa, a sì dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ ní ẹ ra òkúta King nọ́ńbà 1000 (bí nọ́ńbà òkúta bá ṣe ga tó ni hóró rẹ̀ ṣe kúnná tó) ní ìsọ̀ wa ní Ìdúmọ̀tà láti fi pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ kan, pé ẹ pọ́n ọn títí ọwọ́ fi ń ro yín, síbẹ̀ ibi tí ẹnu rẹ̀ ti kán kò kúrò, pé àárín òkúta náà ti ń jìn, àti pé òkúta dúdú olójú méjì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ì bá ti ṣe iṣẹ́ náà kíákíá. Mo fẹ́ dáhùn ní gbangba, nítorí ọ̀pọ̀ gbàjámọ̀ ni yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó náwó.

Bí a bá ń pọ́n ọ̀bẹ, ọwọ́ ẹni ni ó ń pinnu bí ọ̀bẹ ṣe máa dúró lórí òkúta. Ti abẹ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ni a jọ ń tẹ́ sórí òkúta, kí ẹnu máa ṣíwájú bí a ti ń fà á lọ, ẹ̀yìn tó nípọn yẹn ni ó sì ń díwọ̀n bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò ṣe pàdé. Iṣẹ́ òkúta 1000 ni láti mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé láti ìdí abẹ dé ṣóńṣó rẹ̀ láìyọ ibì kankan sílẹ̀. Bí wọn kò bá tíì pàdé, òkúta 4000, òkúta 8000 àti awọ tí a fi ń lọ̀ ọ́ kò lè tún un ṣe, bó ti wù kí wọ́n wọ́n tó. Ẹ dá ẹnu abẹ náà kọ sókè lábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó kọ mànà bí òwú funfun, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀, nítorí ẹnu tó mú dáadáa kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ní ti ibi tó kán, òótọ́ ni ẹ sọ pé 1000 ń pẹ́. Kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ ju pé kí gbogbo ẹnu abẹ jẹ wálẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ dọ́gba. Bí ojú bá ń fi agbára káká rí i, 1000 yóò ká a. Ṣùgbọ́n bí èékánná bá ń há sí i, òkúta tí kò kúnná tó bẹ́ẹ̀, bíi 220 tàbí 400, ni kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Norton ní òkúta kan tí 220 wà lójú kan rẹ̀, tí 1000 wà lójú kejì, òun ni mo sì máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá ń ra abẹ àlòkù déédéé. Ẹni tí abẹ rẹ̀ kàn kú lásán kò nílò 220 rárá: yóò jẹ irin rẹ̀ dànù, yóò sì fi ilà jíjìn sílẹ̀ tí 1000 gbọ́dọ̀ pa rẹ́ kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Òkúta dúdú yẹn, àwa náà ń tà á, fún alápatà àti àgbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé abẹ sí i. Hóró rẹ̀ tóbi, a kì í sábà kọ nọ́ńbà sí i lára, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì tẹ́ jú láti ilé iṣẹ́ wá. Abẹ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú kí ó lè fẹ́lẹ́ yóò máa kán sí i lórí rẹ̀ ni, owó tí ẹ fi pamọ́ lára òkúta yóò sì di owó abẹ mìíràn.

Àárín tó ń jìn kì í ṣe àbùkù. King rọ̀, rírọ̀ rẹ̀ yẹn ni ó sì ń jẹ́ kí hóró tuntun máa yọ jáde láti jẹ irin. Òkúta Shapton 1000, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, le jù ú lọ, kò tètè jìn, omi díẹ̀ lójú rẹ̀ ti tó o, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti King lọ. Lójú tèmi, ẹni tí kò lówó púpọ̀ kò pàdánù nǹkan kan pẹ̀lú King bí ó bá ń tẹ́ ẹ. Ẹ ra sáńpépà tó ṣeé lò nínú omi, irú èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, ní nọ́ńbà 220 sí 400, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí tó nípọn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà síwá-sẹ́yìn sójú òkúta, kí ẹ máa fi í ha sáńpépà pẹ̀lú omi títí ilà tó wà láàárín, tó máa ń kẹ́yìn, yóò fi pa rẹ́. Bí òkúta kò bá tẹ́ jú, abẹ kò lè kàn án dọ́gba, èyí wà lára ohun tó fà á tí ọwọ́ fi ro yín. (P1000 tí ẹ ó rí lẹ́yìn sáńpépà kò bá 1000 ti òkúta Japan bíi King dọ́gba o; hóró P1000 tóbi díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ẹ má fi í rọ́pò òkúta.) Ẹ ri òkúta King yín sómi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì sá a síbòòji, kì í ṣe sójú oòrùn, kí ó má baà là.

Ẹ mú abẹ náà àti òkúta yín bọ̀ ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú. A ó fi 220 yọ ibi tó kán láìgba owó, a ó tẹ́ òkúta náà lójú yín, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín parí rẹ̀ lórí 1000 kí ẹ tó kúrò.