Àgbàlagbà Ni Wọ́n, Ẹ Yé Pè Wọ́n Lọ́mọdé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wá iṣẹ́ ríran àwọn àgbàlagbà tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè lọ́wọ́, ohun kan náà ló ń bí mi nínú. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ gígùn yẹn o, mo ti fara mọ́ ìyẹn.

Tí a bá jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, "àwọn ọmọ wa" ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń pe àwọn àgbàlagbà yìí. Ọmọ kẹ̀? Ẹni ogójì ọdún tó ní Down syndrome (ipò àbínibí tó máa ń mú kí ìdàgbàsókè ọpọlọ falẹ̀), tó mọ aṣọ tó wù ú, tó mọ ẹni tó fẹ́ràn? Wọ́n á bi mí bóyá mo lágbára láti gbé èèyàn, bóyá mo lè ṣiṣẹ́ òru. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bí mo ṣe máa mọ ohun tí ẹni tí kì í fẹnu sọ̀rọ̀ ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: ká fara balẹ̀, ká wo ojú, ká wo ọwọ́.

Láti ọdún 2006 ni àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ pé aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tó máa gbé àti ẹni tó máa bá gbé. Kí ló dé tí wọn kì í sí níbi tí wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún wọn? Ẹ pè wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ káwọn náà bi mí léèrè.