X-ray rí kókó, ẹ ti pè é ní jẹjẹrẹ

Ọ̀sán ni x-ray gbé kókó kan jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró àǹtí wa tó ń ta obì ní Sábó, Ṣàgámù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹkún ti gba orí fóònù kan láti Ìpẹru dé Ìjẹ̀bú-Òde. Bọ̀dá kan tiẹ̀ ti gba ìwé ilẹ̀ sọ́wọ́ (ará Ìjẹ̀bú-Òde ni, ẹ má wo ẹnu mi).

Wọ́n ṣáà gbà pé kókó tó bá ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, àwọn tó ti fa sìgá lọ́pọ̀ ọdún ni wọ́n fi CT scan (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní ìpele-ìpele) yẹ̀ wò. Nínú 100 àwòrán tó mú ìfura wá, nǹkan bíi 96 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń fa sìgá nìyẹn o! Àǹtí wa ò fẹnu kan sìgá rí.

Nílẹ̀ tiwa níbí, àpá ikọ́ ife ló yẹ ká kọ́kọ́ rò. Àìsàn náà lè ti lọ tipẹ́, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà tó mọ àwòrán kà máa ń wo etí kókó. Èyí tó dán yípo, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Èyí tó hu ẹ̀gún káàkiri bí òòrẹ̀, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Bí àárín rẹ̀ bá ti le bí eegun, tàbí tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. PET scan (oríṣi àwòrán inú ara mìíràn) tí àwọn kan ń pariwo rẹ̀ pé ó ń mú kí jẹjẹrẹ tàn yòò, ikọ́ ife náà ń tàn nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń dàgbà ló ṣe kókó jù. Kókó tó dì gbagidi, tí kò yí padà fún ọdún 2 gbáko, jẹjẹrẹ kì í sábà ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí x-ray tí àǹtí yà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ti ká kò, ó ń rùn káńfọ̀. A gbé e sójú fèrèsé: kókó náà rèé, níbi kan náà, bákan náà.

Èyí tó bá ń dàgbà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi fa díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Àǹtí ní, “Ṣebí obì tó ní àmì lára, mo máa ń là á wò kí n tó dà á nù.”

Ìwé ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bọ̀dá. Wọ́n ní kó máa gbé e bọ̀.