Èsì wa sí ọ̀gá tó ra Corolla 2010: ọ̀rọ̀ máìlì tó pọ̀

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Ring Road ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó dùn yín pé 143,000 máìlì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, nígbà tí àna yín ra irú rẹ̀ gan-an, tòkunbọ̀ 2010, níbòmíràn, tí tiẹ̀ jẹ́ 58,000 péré, tí owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju tiyín lọ. Ẹ ní a rẹ́ yín jẹ.

Ọ̀gá, 143,000 la bá lójú ọkọ̀ yẹn nígbà tó dé, òun náà la sì fi tà á fún yín. A kì í fọwọ́ kan mítà. Ẹ tún ìwé Carfax, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó wò: máìlì rẹ̀ ń gòkè láti ọdún dé ọdún, kò sí ibi tó ti já wálẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń rìn tó 10,000 máìlì lọ́dún, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ 2010 tó ṣì wà ní 58,000 kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà kan lè wà tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dídá mítà padà sẹ́yìn fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí kò mọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kọ máìlì sínú ìwé rẹ̀, àmọ́ tí ọkọ̀ 2010 tàbí èyí tó dàgbà jù ú bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kò pọn dandan mọ́. Ọkọ̀ 2011 sókè ni wọ́n sọ tiẹ̀ di ogún ọdún. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀rí ti 2010 ni àkọsílẹ̀ àwọn tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ tàbí tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí wọ́n máa ń kọ máìlì àti ọjọ́. Bí ọkọ̀ bá ti rin 96,000 ní 2017, tó wá jẹ́ 58,000 lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ salvage sí i pẹ̀lú, ìyẹn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti kà sí òfò lẹ́yìn jàǹbá tàbí omíyalé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Carfax náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ lẹ́yìn tó gúnlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ojú àti ọwọ́ la fi ń mọ ìyẹn. Kí àna yín wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì, ara sítíárìn àti etí ìjókòó dírẹ́bà. 58,000 kì í jẹ wọ́n tán. Kó fa bẹ́líìtì dé òpin, kó wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Kó wo nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Tó bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nínú jàǹbá) gbọ́dọ̀ tàn kó tó kú. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ iná náà, tàbí kó ti bàjẹ́.

Ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé e lọ bá rewáyà tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn tán, ní Agodi Gate tàbí ibikíbi, kó má baà dà bíi pé a ń ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, máìlì wà nínú brain box mìíràn, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, yàtọ̀ sí ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ rewáyà sì lè kà á. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́, ẹ jọ gbé ọkọ̀ méjèèjì wá. A ó yẹ tiẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, níwájú yín.

Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí òótọ́ fúnra yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, kí àna yín mú ìwé aṣọ́bodè rẹ̀ dání, ká lè fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà nínú rẹ̀ wé ti abẹ́ gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló gbọ́dọ̀ pé nínú VIN, ìkẹwàá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ A tó bá jẹ́ 2010 lóòótọ́.